Fort Vancouver: Odi Tí Wọ́n Tún Kọ́ àti Abúlé Tó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Nígbà tí ọdún 1866 ń parí lọ, kò sí ilé kankan tó ṣẹ́ kù nínú odi Fort Vancouver, ibùdó àwọn oníṣòwò awọ ẹranko. Òjò ti jẹ ìdí igi odi náà, iná sì wá jó ìyókù. Koríko hù bo gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, ní ìlú Vancouver ti ìpínlẹ̀ Washington (kì í ṣe ti Kánádà o), ní òdìkejì odò Columbia sí ìlú Portland ti ìpínlẹ̀ Oregon, yóò bá odi igi gàgàrà, ilé ìṣọ́ tí ìbọn àgbá ń yọjú láti inú rẹ̀, ilé alágbẹ̀dẹ tí ẹwìrì ti ń fẹ́ná, ilé búrẹ́dì, àti ilé ńlá funfun tí ọ̀gá àgbà ń gbé nígbà náà. Igi tuntun ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tí òpó àtijọ́ wà gan-an ni wọ́n ri òpó tuntun mọ́.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gidigidi. Bí àlejò bá wá kí wa láti ilé, mi ò kì í jẹ́ kó lọ láìdébẹ̀. Inú odi ni gbogbo wọn máa ń sáré wọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ojú ń rí wà. Èmi náà máa ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń mọ ìtàn ibẹ̀ sí i ni ó ń dá mi lójú pé apá tó jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, ní apá ìwọ̀ oòrùn, nínú pápá koríko kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà kọjá láìwo ilẹ̀.

Awọ ẹranko ló bí gbogbo rẹ̀. Ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní beaver, inú odò ló ń gbé, eyín rẹ̀ mú débi pé ó ń gé igi lulẹ̀ tó sì ń fi wọ́n sé odò. Oríṣi irun méjì ló wà lára rẹ̀: èyí tó gùn tó sì le lókè, èyí tó kúrú tó sì rọ̀ bí òwú nísàlẹ̀. Irun kúkúrú yìí ni wọ́n ń wá. Ó ní ìkọ́ wínníwínní lára tí ojú lásán kò lè rí. Tí wọ́n bá fi omi gbígbóná àti ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, irun náà á so mọ́ra, á di ohun nínípọn kan tí òjò kò lè là kọjá. Òun ni wọ́n ń fi ṣe àkẹtẹ̀ gíga tí àwọn ọkùnrin tó rí jájẹ ń dé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris. Nítorí àkẹtẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe la ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá já, láti òkun dé òkun.

Iléeṣẹ́ tó ni Fort Vancouver ni Hudson's Bay Company. Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1670 ni Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó dá a sílẹ̀. Ọmọọba Rupert ni gómìnà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ìyẹn kú, James, àbúrò ọba, tí í ṣe Duke of York, ló gba ipò rẹ̀. Ó yẹ kí àwa dúró díẹ̀ síbi orúkọ yìí, nítorí James kan náà ni gómìnà Royal African Company, iléeṣẹ́ tó ń ra ènìyàn ní etíkun wa, tó sì ní odi tirẹ̀ ní Ajúdà, èbúté tí wọ́n wá ti kó àìmọye ọmọ Yorùbá gorí ọkọ̀ nígbà tó yá. Inú àpò àwọn ọlọ́lá kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù ni owó awọ beaver àti owó ọmọ ènìyàn ń wọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mi ò ti lè wo odi àwọn onísòwò awọ bí ìtàn àwọn ẹlòmíràn lásán.

Ní 1821, iléeṣẹ́ náà àti North West Company, tó ti ń bá a du ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, di ọ̀kan. Ọwọ́ George Simpson ni àṣẹ agbègbè ìwọ̀ oòrùn bọ́ sí. Òun ló dé etí odò Columbia, tó ní kí wọ́n tẹ ibùdó tuntun dó sí apá àríwá rẹ̀, tó sì fọ́ ìgò ọtí rọ́ọ̀mù mọ́ òpó àsíá ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1825. Orí òkè ni ibùdó àkọ́kọ́ wà, ó sì jìnnà sí omi jù. Ní 1829 wọ́n kó o sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà lónìí. John McLoughlin, dókítà ọmọ Quebec, ọkùnrin gíga tí irun rẹ̀ ti funfun láìpẹ́ ọjọ́, ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di 1846.

Ilẹ̀ náà kò tíì ní olúwa kan pàtó lójú àwọn ìjọba òyìnbó nígbà yẹn. Ní 1818 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti jọ ṣàdéhùn pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì máa ṣòwò níbẹ̀. Wọn kò bi àwọn onílẹ̀ léèrè. Simpson wá dá ọgbọ́n kan tó burú: kí wọ́n pa gbogbo beaver tó wà ní gúúsù àti ìlà oòrùn odò náà run, kí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó ń bọ̀ má baà rí ohun kan bá. Láti 1824 títí di 1830, Peter Skene Ogden ń kó ọ̀wọ́ àwọn ọdẹ lọ sí agbègbè odò Snake lọ́dọọdún fún iṣẹ́ yìí. Obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ wà nínú ìrìn náà. Oníṣòwò tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ọjà tirẹ̀ run kí ẹlòmíràn má baà jẹ níbẹ̀, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Nínú odi, ilé awọ ni ọkàn iṣẹ́ náà. Àwọn awọ tó bá dé láti àwọn ibùdó kéékèèké ni wọ́n ń lù láti gbọn eruku àti kòkòrò kúrò, wọ́n ń sá a, wọ́n ń dì í, wọ́n á sì dúró de ọkọ̀ tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọkọ̀ kan náà ló ń kó aṣọ ìbora, ìkòkò, ìbọn, ìlẹ̀kẹ̀ àti abọ́ wá. Nígbà tó yá, awọ nìkan kò tó wọn mọ́. McLoughlin dá oko àlìkámà ńlá, ó ní agbo màlúù, ó ní ilé ìlapákó. Pákó àti ẹja salmon oníyọ̀ rẹ̀ ń lọ sí àwọn erékùṣù Hawaii, níbi tí iléeṣẹ́ náà ti ní aṣojú ní Honolulu.

Ẹnì kan wà nínú odi yẹn tí mo máa ń dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo àlejò mi. James Douglas ni. Demerara, ní Guyana òde òní, ni wọ́n ti bí i ní 1803. Ará Scotland ni bàbá rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ní òmìnira, tí ìdílé rẹ̀ ti Barbados wá, ni ìyá rẹ̀. Ó dé Fort Vancouver ní 1830 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ó sì di igbá kejì McLoughlin. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ìṣirò, ọwọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà. Amelia Connolly, ìyàwó rẹ̀, ọmọ obìnrin Cree ni. Ní 1843 Douglas lọ tẹ Fort Victoria dó; ní 1851 ó di gómìnà Vancouver Island, ní 1858 ó di ti British Columbia. Ọdún 1858 yẹn gan-an ni àwọn aláwọ̀ dúdú San Francisco, tí òfin California ń ni lára, gbọ́ pé Douglas ń gba ènìyàn, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sì wọkọ̀ lọ sí Victoria. Ọmọ ọmọ Áfíríkà ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ilé ọ̀gá àgbà ni àlejò máa ń fẹ́ràn jù. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to àwọn abọ́ aláràbarà aláwọ̀ búlúù sí, irú èyí tí iléeṣẹ́ Spode ń ṣe ní Ìlú Ọba. Ọkùnrin nìkan ló ń jẹun nídìí tábìlì yẹn. Marguerite, ìyàwó McLoughlin, tí ìyá tirẹ̀ náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀, kì í bá wọn jókòó síbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn obìnrin àti ọmọ ti ń jẹun. Orí àwọn ìyàwó yìí ni ìbátan iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà tó yí i ká dúró lé. Àwọn ni wọ́n mọ ẹni tó ń bínú, ẹni tó ní awọ nílé, ọ̀nà tí omi kò tíì bò. Bí kò bá sí wọn, odi yẹn ò bá má ju ilé àwọn àjèjì tí ebi ń pa lọ.

Ẹ jẹ́ ká jáde nínú odi wàyí. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbé inú rẹ̀. Abúlé kan wà ní ìwọ̀ oòrùn, ilé onígi kéékèèké ní ìlà ìlà, tó ń nà lọ sí etí odò, tí ènìyàn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ń gbé. Ẹni tó bá mọ Sábó ní ìlú Yorùbá mọ irú àdúgbò tí mò ń wí: ibi tí àlejò kò ti jẹ́ àlejò mọ́, ṣùgbọ́n tí kò tíì di onílé. Àwọn ọmọ Kánádà tó ń sọ Faransé wà níbẹ̀, àwọn ará Scotland láti erékùṣù Orkney, àwọn ọmọ Iroquois àti Cree tó ti ìlà oòrùn wá, àwọn obìnrin Chinook àti ti àwọn ẹ̀yà odò náà. Àwọn ọmọ Hawaii wá pọ̀ débi pé orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe ibẹ̀ ni Kanaka Village, nítorí Kanaka ni wọ́n ń pe ọmọ Hawaii. Wọ́n ń fọwọ́ síwèé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní Honolulu, wọ́n á sì wá la pákó, tu ọkọ̀, ro oko. Owó ọ̀yà wọn sì tún ń padà sí ilé ìtajà iléeṣẹ́ náà, nítorí ibòmíràn ò sí tí wọ́n ti lè rajà.

Chinuk Wawa ni èdè tí gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èdè ọjà tó kó ọ̀rọ̀ Chinook, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí abúlé yẹn, òun ni wọ́n fi ń ṣeré.

Ìtàn kan wà ní ibẹ̀ tó máa ń wọ̀ mí lára ju gbogbo ìyókù lọ, bóyá nítorí pé mo dàgbà níbi tí gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1830, ibà dé. Ìgbónára àti òtútù tó ń mú ènìyàn gbọ̀n, tó ń lọ tó ń padà. Àwọn onítàn gbà lónìí pé ibà ẹ̀fọn ni. Àwọn onílẹ̀ ní ọkọ̀ òkun Owyhee ti Captain Dominis ló kó o wá. Àwọn ará odi náà ṣàìsàn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní oògùn quinine díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì yè. Àwọn Chinook àti Kalapuya kò mọ àrùn náà rí. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí aláìsàn jókòó nínú ilé ooru kó sì bẹ́ sínú omi tútù lẹ́yìn náà, ló tún ń pa wọ́n kíá. Lọ́dọọdún ni ibà náà ń padà. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ti ṣègbé ní ìsàlẹ̀ odò Columbia àti àfonífojì Willamette. Ìlú ńláńlá etí odò ṣófo. Nígbà tí àwọn aṣíkiri Amẹ́ríkà tí màlúù ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn dé lẹ́yìn 1840, tí wọ́n sọ pé ilẹ̀ tó dára tí kò sẹ́ni ni àwọn bá, ibojì ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

McLoughlin ran àwọn aṣíkiri yìí lọ́wọ́. Ó yá wọn ní irúgbìn, ó tà á láwìn fún wọn, inú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì dùn sí i. Ní 1846 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ gbé Oregon City, ó sì di ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Oregon títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn tó ràn lọ́wọ́ yìí náà ni ìjọba ìgbà díẹ̀ wọn ṣòfin ní 1844 pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé Oregon. Ọdún yẹn ni George Bush, aláwọ̀ dúdú olówó kan láti Missouri, dé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́. Nítorí òfin náà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá sí àríwá odò, níbi tí Hudson's Bay Company ṣì ti ní agbára, wọ́n lo ìgbà òtútù ní Washougal, kò jìnnà sí odi, wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí ibi tó di Tumwater. Àwọn ni aṣíkiri Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbé apá ibẹ̀ yẹn pẹ́ títí. Ohun tó fà á tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kọ́kọ́ tẹ̀dó sí àríwá odò ni pé wọ́n lé ọkùnrin dúdú kan kúrò ní gúúsù rẹ̀.

Àdéhùn oṣù Kẹfà ọdún 1846 fi ilẹ̀ náà fún Amẹ́ríkà. Ní 1849 àwọn ọmọ ogun wọn dé, wọ́n pàgọ́ sórí òkè tó wo odi náà láti ẹ̀yìn. Beaver ti ń tán, ṣẹ́dà sì ti gba ipò irun lórí àkẹtẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún iléeṣẹ́ náà mọ́ igun, títí ó fi kó lọ ní 1860.

Abúlé ni wọ́n kọ́kọ́ tú ká. William Kaulehelehe, ọmọ Hawaii tí iléeṣẹ́ náà gbà wá ní 1845 láti máa wàásù fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èdè wọn, tí òun àti Mary Kaai, ìyàwó rẹ̀, ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò fẹ́ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1860 àwọn ọmọ ogun wá yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Ó lọ sí Victoria, lábẹ́ Douglas, ó sì kú síbẹ̀ ní 1874.

Odi náà wà lábẹ́ ilẹ̀ títí di 1947, nígbà tí Louis Caywood, awalẹ̀pìtàn iléeṣẹ́ National Park Service, wá ibi tí igun rẹ̀ wà, tó sì bá ìdí òpó àtijọ́ nínú erùpẹ̀. Ìjọba yà á sọ́tọ̀ ní 1948. Ní 1966 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó tuntun, ilé ọ̀gá àgbà sì parí ní 1976. Ìtọ́sọ́nà pọ̀ fún wọn: àwòrán ilẹ̀ tí Mervin Vavasour, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wá dọ́gbọ́n wo agbègbè náà, yà ní 1845, fọ́tò tí wọ́n yà ní 1860, àkọsílẹ̀ ẹrù iléeṣẹ́ náà, dórí àwo àti ìṣó. Nínú ilé awọ tí wọ́n tún kọ́ ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń kó ohun tí wọ́n wú sí báyìí, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Èyí wú mi lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìwé ṣe. Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbé inú odi, nítorí náà inú odi ni a lè tún kọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Lórí àwòrán ilẹ̀, ilé abúlé kò ju àpótí kéékèèké lọ. Àwọn akọ̀wé kọ orúkọ àwọn ọmọ Hawaii bó ṣe dún létí wọn, tàbí kí wọ́n kàn fún wọn ní orúkọ tuntun, débi pé ọmọ ọmọ wọn tó ń wá wọn lónìí kò mọ èyí tí í ṣe baba òun. Ẹ̀yìn ìgbà tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ni wọ́n tó tún ilé abúlé méjì péré kọ́. Ọ̀nà mọ́tò àti ojú irin ti gba àárín abúlé náà já ṣáájú, wọ́n ti gé e kúrò lára odò.

Mo ti ń fẹ́ kí wọ́n tún abúlé náà kọ́ tán, ilé dé ilé. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí a tó lè ri òpó tuntun síbi tí òpó àtijọ́ wà, a ní láti wú ohun tó wà níbẹ̀, ohun tí a bá sì ti wú, a kò lè tún un wú. Inú odi ti fi ẹ̀rí rẹ̀ san owó ilé. Pápá abúlé, tí wọ́n kò kà sí, ṣì ní ọ̀pọ̀ nínú tirẹ̀ lábẹ́ koríko. Kékeré tí wọ́n ti wú nínú rẹ̀ ti tú ọ̀rọ̀ ìwé fó: àfọ́kù abọ́ Spode, irú èyí tó wà lórí tábìlì ọ̀gá, nínú ilé alágbàṣe, ìkòkò tábà alámọ̀, àti ìlẹ̀kẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀. Venice ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, ìlú kan náà tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń wá sí etíkun tiwa. Àwọ̀ búlúù ni àwọn Chinook fẹ́ràn ju gbogbo àwọ̀ yòókù lọ. Àwọn arìnrìn-àjò kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1805, tí ìyẹn sì ń ká wọn lára, nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ búlúù wọn ń tán. Àwọn tí wọ́n pè ní aláìmọ̀kan mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Láti 2008 ni afárá kan ti wà níbẹ̀, tí Johnpaul Jones, ayàwòrán-ilé tó jẹ́ ọmọ Cherokee àti Choctaw, yàwòrán rẹ̀. Erùpẹ̀ àti ewéko ilẹ̀ náà ni wọ́n fi bò ó, ó sì gba orí òpópónà kọjá láti etí odò wá sí abúlé. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí Portland, tó fẹ́ rí Fort Vancouver, kó má gba ibi ìgbọ́kọ̀sí wọlé. Kó bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, kó gun afárá yẹn, kó la abúlé kọjá, kó dárúkọ Kaulehelehe tó bá dé pápá náà, kó tó wá kanlẹ̀kùn odi.